Ta ni kòkòrò lè tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ni ká máa ṣọ́ lára rẹ̀? Ẹ̀yin ará Ìlọrin àti gúúsù Kwara, ẹ dá sí i

Ọmọ Bàbá Òró:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá wa ní Òró wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ìlọrin níbí, wọ́n yọ ohun tó dí ojú ìtọ̀ fún wọn, wọ́n sì ti ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, wọ́n ní àtọ̀gbẹ, rọ́bà ìtọ̀ sì ṣì wà lára wọn títí a ó fi padà lọ. Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní irú àwọn bàbá báyìí ni kòkòrò máa ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, pé ká máa ṣọ́ wọn dáadáa, ká má dúró de ìgbà tí ara wọn bá gbóná. Èrò pọ̀ lẹ́yìn, kò ráyè jókòó ṣàlàyé.

Ìlọrin lèmi ń gbé. Ìyá mi àti àbúrò mi obìnrin ni yóò wà pẹ̀lú wọn nílé. Mo fẹ́ ohun tí mo lè kọ sínú ìwé fún wọn lédè Yorùbá, ohun tí ìyá mi lè fi ojú rí tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìlera, àti ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ jẹ́ ká kó o jọ síbí kó lè wúlò fún ẹlòmíràn náà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ọ̀fà:

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, Ọlọ́run á bá wa fún wọn ní àlàáfíà. Wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára gan-an, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe gùn.

Ohun tí dókítà ń sọ là ń pè ní sepsis. Kòkòrò àìfojúrí lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ó lè gba ọ̀nà ìtọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun. Ara á gbógun tì í. Nígbà mìíràn ogun náà á kọjá ààlà, ìjà tí ara ń jà á wá máa ba kíndìnrín, ọpọlọ, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ẹni náà jẹ́. Ibẹ̀ ni ikú ti ń wọlé. Nínú ìṣirò tí wọ́n ṣe fún gbogbo àgbáyé fún ọdún 2017, ó mú èèyàn bíi mílíọ̀nù 49, ó sì lọ́wọ́ nínú ikú mílíọ̀nù 11, ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí sì wà lára ibi tó ti pọ̀ jù.

Kí ìyá yín kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun mẹ́rin ló wà lára Bàbá: ọjọ́ orí, àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, àti rọ́bà ìtọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó láti máa fi ojú sí èèyàn lára. Tí ará ilé bá ti mọ èyí, nǹkan kékeré tó bá yí padà lára wọn kò ní dà bí ohun kékeré lójú wọn mọ́.

Ẹ ra tẹmọ́mítà, ó dára. Ṣùgbọ́n ara àgbàlagbà tó ní sepsis lè má gbóná rárá. Ó lè tutù, kí tẹmọ́mítà máà dé 36. Ẹni tó bá sì ti lo parasítámọ̀, oògùn yẹn ti bo ibà náà mọ́lẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí dókítà fi ní kí ẹ má dúró de gbígbóná ara.

Mímí ni kí ẹ máa kà. Nígbà tí Bàbá bá jókòó jẹ́ẹ́ tàbí tí wọ́n ń sùn, kí ìyá yín tẹjú mọ́ àyà tàbí ikùn wọn, kí wọ́n ka iye ìgbà tó gbéra sókè láàárín ìṣẹ́jú kan gbáko lójú aago. Kí wọ́n má sọ fún Bàbá pé àwọn ń kà á o, èèyàn tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun máa ń yí i padà. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń mí nǹkan bí ìgbà 12 sí 20. Tó bá ti di 22 sókè, tí wọn ò sáré, tí wọn ò gun òkè, ẹ fura. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òní, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tó jẹ́ tiwọn nígbà tí ara wọn balẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, iyè wọn. Ẹ̀yin ará ilé mọ̀ wọ́n ju dókítà èyíkéyìí lọ. Bàbá tí kì í pa ìrun jẹ, tó wá jí lọ́sàn-án tó ń béèrè bóyá Àsùbáà ni àbí Ìṣáì, tàbí tó pe àbúrò yín ní orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, tàbí tó kàn ń sùn ṣáá tí wọ́n bá jí i á tún padà sùn. Ẹ má pe ìyẹn ní ọjọ́ ogbó. Ogbó kì í dé láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Ìtọ̀ náà rọrùn láti ṣọ́, nítorí pé ó ń bọ́ sínú àpò níbi tí ojú lè rí i. Fún bàbá tó wọn bíi kílò 60, ó yẹ kó tó 30 mílílítà ní wákàtí kan, ó kéré tán. Tí àpò bá wà bó ṣe wà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà ti ká tàbí ó ti dí. Tí kò bá sí èyí tó ṣe é, kíndìnrín ló ń ké yẹn, ẹ má sùn sílé.

Ẹ tún máa fọwọ́ kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Ẹ tẹ èékánná fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Pípọ́n rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kíákíá, tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. Àwa aláwọ̀ dúdú, àwọ̀ ara lásán kì í tètè fi hàn. Àtẹ́lẹwọ́, inú ètè, èrìgì àti abẹ́ ìpéǹpéjú ni kí ẹ máa wò, bóyá ó ti funfun tàbí ó ti ń dúdú bí aró.

Òtútù tó ń gbọn èèyàn débi tí bẹ́ẹ̀dì ń mì, pàápàá lára ẹni tó ní rọ́bà ìtọ̀, ẹ má ti ìyẹn mọ́ ojú ọjọ́.

Ọ̀dọ́ Ìpàta:

Ẹ ṣeun Ìyá Nọ́ọ̀sì. Mo ní ìbéèrè kan. Ní àdúgbò wa níbí, ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, kẹ́míìsì á ní màléríà àti tàífọ́ọ̀dù ni, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á fa omi sí i lára nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan sì ń dìde. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé èyí kì í ṣe ibà lásán?

Aṣiṣẹ́ Láàbù:

Àbúrò, ó yẹ kí wọ́n máa bi wá ní ìbéèrè yìí lójoojúmọ́.

Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe dára, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, èèyàn púpọ̀, pàápàá àwọn ọmọdé ilé ìwé, ló ń gbé kòkòrò màléríà kiri nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nítorí náà tí àyẹ̀wò bá ní màléríà wà, kò tíì sọ pé òun nìkan ló wà. Ọmọdé tí ibà líle bá mú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti gbẹ, kòkòrò bíi Salmonella máa ń ráyè gba inú ìfun rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí wọ́n fún ọmọ tí màléríà líle bá ń bá jà ní oògùn apakòkòrò pẹ̀lú.

Ní ti tàífọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń ṣe káàkiri yẹn, ohun tó ń wò ni ipa tí ara ti fi bá kòkòrò jà, ìjà náà sì lè ti pẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè ṣe é kó jáde pé ó ní. Mo sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò jẹun: ẹ má ṣe fi Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ṣe ìpinnu lórí ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára.

Àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni blood culture. A máa ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, a ó gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó máa wò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún bóyá nǹkan á hù. Fún àgbàlagbà, ó dára kó jẹ́ láti ojú ibi méjì lára, nǹkan bíi mílílítà 10 fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé máa ń bínú pé ẹ̀jẹ̀ yẹn pọ̀ jù, àwọn kan tilẹ̀ ń bi wá pé kí la fẹ́ fi ṣe. Ẹ bá mi sọ fún wọn: kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ níye, tí ẹ̀jẹ̀ bá kéré a lè máà rí ọ̀kan. Ibi méjì la fi ń gbà á nítorí pé kòkòrò orí awọ lè bọ́ sínú ìgò kan. Tí irú rẹ̀ bá wà nínú ìgò kan tí kò sí nínú èkejì, dókítà lè fura pé ti orí awọ ni.

Kí oògùn apakòkòrò tó wọlé ló yẹ ká gbà á. Àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìgò wọn lè máà hu nǹkan kan, síbẹ̀ àìsàn ń lọ lára wọn. Tí ẹ bá ti lo nǹkan kan, ẹ má fi pamọ́. Ẹ kó páálí oògùn náà dání.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ọ̀fà:

Mo fẹ́ fi kan kún èyí tí Aṣiṣẹ́ Láàbù sọ. Omi tí wọ́n ń fà sí èèyàn lára lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn léwu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí sepsis ti mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já nílò omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú ẹni tó ń wọn ìfúnpá rẹ̀, tó ń gbọ́ àyà rẹ̀, tó ń wo ìtọ̀ rẹ̀. Ní ti ọmọdé, ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n gbé jáde ní 2011, ní Uganda, Kenya àti Tanzania ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ tí ibà líle ń ṣe tí wọ́n sáré fa omi púpọ̀ sí lára lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ló kú jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi sínú iṣan ọmọ yín nínú ṣọ́ọ̀bù.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn pàápàá, ọ̀nà ni fún kòkòrò. Tí ojú ibẹ̀ bá ti wú, tó pọ́n, tó ń dùn ún, kí wọ́n yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Tankẹ:

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Oṣù kò tíì pé tí mo bí àwọn ìbejì mi yìí, ọ̀kan kò tó kílò méjì. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa mímí àti ìtọ̀, ṣé bákan náà ni fún ọmọ ọwọ́?

Agbẹ̀bí Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á wò wọ́n. Rárá, ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, pàápàá nítorí èyí tí kò tó kílò méjì yẹn.

Ọmọ tuntun máa ń mí kíákíá ju àgbà lọ. Tó bá tó 60 sókè ní ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un kà. Tó bá tún jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbéra. Fún ọmọ oṣù méjì sí ọdún kan, 50 ni ààlà. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40. Ara ọmọ ọwọ́ tó bá tó 38, tàbí tó tutù tí kò dé 35.5, ewu ni méjèèjì. Èyí tó máa ń já mi láyà jù ni ọmọ tó ń mu ọyàn dáadáa lánàá tó wá kọ̀ ọ́ lónìí, tí ẹnu rẹ̀ kàn wà lórí ọmú láì fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kì í gbéra àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ọmọ tí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, ọmọ tí gìrì mú. Àwọn àgbà á ní "ọmọ yìí mà dákẹ́ jẹ́ẹ́ o, kò da ìyá rẹ̀ láàmú." Ẹ yẹ dídákẹ́ yẹn wò.

Ìwọ́: ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, ẹ má fi epo tàbí àgúnmu sí i. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% ni wọ́n ń fún wa láti fi tọ́jú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè fún un níbi tí ẹ bá ti bímọ, kí ẹ sì ṣọ́ ọ kó máà kan ojú ọmọ rárá nítorí ó lè ba ojú jẹ́. Tí ìdodo bá pọ́n tí pípọ́n náà sì ń tàn sí ara ikùn, ẹ má dúró.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Mo bi ọ́ nítorí pé tí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, kò sẹ́ni tó ń wo ìyá rẹ̀ mọ́. Àlejò á máa wá, ìyá á máa rẹ́rìn-ín, òun ló ń gbé omi gbígbóná fún ara rẹ̀. Láti ọjọ́ ìbí títí di ọjọ́ 42 ni ewu sepsis abiyamọ fi wà. Ó tètè ń mú ẹni tí omi rẹ̀ ti já ju wákàtí 18 lọ kó tó bí, ẹni tó rọbí pẹ́, ẹni tí díẹ̀ nínú ibi ọmọ ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹni tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ tàbí tó ṣẹ́ oyún náà wà níbẹ̀, àwọn yìí ló sì ń fi pamọ́ jù. Àbúrò mi tó ń ka èyí, dókítà tàbí agbẹ̀bí kò wá láti dá ọ lẹ́jọ́, sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n lè gba ẹ̀mí rẹ là. Ẹ̀jẹ̀ ìbí tó ń rùn, ìsàlẹ̀ ikùn tó ń dùn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ojú iṣẹ́ abẹ tó ń sun ọyún, ọmú tó le tó sì gbóná, òtútù tó ń gbọn ni, tàbí kó rẹ̀ ẹ́ débi tí kò lè gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra: ìkankan nínú wọn tó ohun tí wọ́n fi ń lọ sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní 2023, orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n ti ṣe é. Oògùn apakòkòrò azithromycin gíráàmù méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ìrọbí fún àwọn tó fẹ́ bí láti ojú ara dín sepsis tàbí ikú abiyamọ kù láti 2.4 sí 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè bá àwọn tó ń gbẹ̀bí yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má lọ rà á lò fúnra yín.

Ìyá Ìbejì Tankẹ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé wọn jáde. Ojú rẹ̀ ti gbẹ, ara mi sì le. Mo ti kọ 60 àti 35.5 sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Alfa Òkèkere:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ nípa iyè tó ń dàrú yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Wọ́n máa ń gbé èèyàn wá bá wa lóru pé àlùjànnú ti mú un. Ó ń sọ ìsọkúsọ, kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, ó ń já aṣọ lára. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè kí n tó la ẹnu mi ni pé: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ gbóná tàbí ó tutù jù? Ṣé ó bímọ láìpẹ́? Ṣé ó ní ọgbẹ́? Èémí rẹ̀ ńkọ́? Tí ọ̀kan bá ti wà níbẹ̀, inú mọ́tò tí wọ́n fi gbé e wá náà ni mo ti ń ṣe àdúà fún un, mo sì ń ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní ká máa wá ìwòsàn. Àdúà kò ní kí mọ́tò má lọ. Mo rọ ẹ̀yin alfa ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin wòlíì àti pásítọ̀ tí wọ́n ń gbé irú wọn wá bá, ká jọ máa béèrè ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ dé, wákàtí tó bá sì lọ lọ́dọ̀ wa kì í padà.

Ìyá Àdùnní, Ganmọ:

Alfa, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san rere.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ SS o, àwọn tó ní sickle cell. Ọmọ mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ọlọ inú wọn, tó ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa láti kékeré, nítorí náà kòkòrò pneumococcus lè pa wọ́n láàárín ọjọ́ kan. Dókítà wa ní a kì í fi ibà ọmọ SS ṣeré, pé ara rẹ̀ tó bá ti tó 38.5, ọsibítù ni, kí á má fi agbo tàbí parasítámọ̀ dúró wò ó. Ó ń lo penicillin lójoojúmọ́, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumococcus. Láti ìparí 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ yẹn kún ti àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ yín bóyá ó pé.

Àwọn ará ilé á ní "ìrora egungun rẹ̀ ló tún dé." Ìrora egungun àti kòkòrò lè jọ wà lára ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ọ̀fà:

Òótọ́ ni. Ẹ fi wọ̀nyí kún un: ẹni tó ní kòkòrò HIV, pàápàá tí kò lo oògùn rẹ̀ déédéé, ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ẹni tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún nítorí kíndìnrín, ẹni tí iná jó, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bà jẹ́, ọmọ tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀. Àti ẹni tó ti ní sepsis rí. Ìyẹn ni wọ́n ń gbàgbé jù. Ẹni tó bá ti bọ́ nínú rẹ̀, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọsibítù ṣì léwu fún un, ó lè tún dé.

Ọmọ Bàbá Òró:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ìyá mi ti ka èémí Bàbá lẹ́ẹ̀mejì lónìí, 16 àti 17. Ìbéèrè mi tó kù: tí a bá dé ọsibítù, kí la máa sọ tí wọn kò fi ní ní ká jókòó sídìí ìlà?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ọ̀fà:

Ẹ má sọ pé "ara wọn kò yá." Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni ara wọn kò yá. Ẹ sọ báyìí: "Bàbá ẹni ọdún 71, àtọ̀gbẹ, rọ́bà ìtọ̀, iṣẹ́ abẹ láìpẹ́. Èémí wọn jẹ́ 16 lánàá, ó ti di 26. Láti ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ wọn ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe sepsis?" Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n. Ó ń jí èèyàn lójú oorun iṣẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, mímí, ìfúnpá, ọkàn tó ń lù, ooru ara, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ àti iyè la ń wọ̀n, a ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, a ó sì rò ó pọ̀. Ní 2016 àwọn onímọ̀ gbé ọ̀nà kúkúrú kan jáde: èémí 22 sókè, ìfúnpá òkè 100 wálẹ̀, iyè tó yí padà. Tí méjì bá pé nínú mẹ́ta, ewu ń bẹ. Ní 2021, ìlànà àgbáyé ní ká má fi ìyẹn nìkan ṣe ìwádìí nítorí ó ń fo àwọn kan dá. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀kan ṣoṣo lára Bàbá yín ti tó fún mi láti pe dókítà. Wọ́n tún ṣe òdiwọ̀n kan ní 2017 láti inú ìwé àwọn aláìsàn ní ọsibítù Gabon, Malawi, Sierra Leone, Tanzania, Uganda àti Zambia, èyí tó ka HIV mọ́ ọn. Irú rẹ̀ bá ilẹ̀ wa mu ju ti òkè òkun lọ.

Tí ìfúnpá bá ti já, láàárín wákàtí kan ló yẹ kí oògùn apakòkòrò wọ inú iṣan.

Onímọ́tò Omù-Àrán:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń bọ́ sí. Ẹ má dúró de alẹ́ kí ẹ tó máa wá mọ́tò. Lónìí tí ara Bàbá le yìí, ẹ lọ bá awakọ̀ kan ládùúgbò, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ bá a ṣàdéhùn iye tí ẹ máa san tó bá di òru. Ẹ gba ti ẹnì kejì pẹ̀lú, nítorí pé fóònù ẹnì kan lè kú. Ẹ má gbé ẹni tí oorun ń kùn tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ sí àárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Ẹ sì fi owó díẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ìyá, kì í ṣe sí báńkì Ìlọrin. Lóru, POS ti pa.

Ohun tí mo fẹ́ bi àwọn nọ́ọ̀sì ni pé, tí mo bá gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà Òró, ṣé kí n kọjá tààrà sí ọsibítù ńlá ti yunifásítì ní Ìlọrin, àbí kí n kọ́kọ́ yà?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ọ̀fà:

Ẹ kọ́kọ́ yà sí ọsibítù ìjọba tó bá sún mọ́ yín jù tó ní dókítà lóru, kí wọ́n wọ̀n wọ́n, kí wọ́n fún wọn ní oògùn àkọ́kọ́ àti ọ́síjìn tó bá wà, kí wọ́n kọ lẹ́tà lé e, kí ẹ wá máa bọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ oògùn àti aago tí wọ́n fún wọn sínú lẹ́tà náà. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi sùúrù sọ ọ́ tó bá di dandan.

Ní ti rọ́bà ìtọ̀: kí wọ́n fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn rẹ̀, kí àpò máa wà nísàlẹ̀ ju ikùn lọ nígbà gbogbo, kó máà kan ilẹ̀, kí wọ́n má sì yọ rọ́bà kúrò lára àpò láìnídìí. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Ọ̀dọ́ Ìpàta:

Aṣiṣẹ́ Láàbù, ẹ ní ọjọ́ márùn-ún. Ṣé aláìsàn máa wà láìlo oògùn títí èsì yóò fi jáde?

Aṣiṣẹ́ Láàbù:

Rárá o. Tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tán, oògùn á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí gbígba ẹ̀jẹ̀ náà bá sì fẹ́ pẹ́, oògùn kò ní dúró dè é. Dókítà á fi ohun tó mọ̀ nípa ibi tí àìsàn ti wá bẹ̀rẹ̀, èsì wa á wá sọ bóyá oògùn yẹn ló ń pa kòkòrò náà tàbí kí wọ́n yí i padà. Kòkòrò tó bá máa hù, púpọ̀ nínú wọn ń hù láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Nítorí náà ẹ padà wá béèrè lọ́jọ́ kejì, ẹ má dúró de ìkarùn-ún. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù tó ń lọ sórí fọ́ọ̀mù, kó jẹ́ ti ẹni tó wà pẹ̀lú aláìsàn. Ó máa ń dùn mí tí kòkòrò bá hù, tí mo mọ oògùn tó máa pa á, tí wọ́n ti dá aláìsàn sílẹ̀, tí nọ́ńbà tí mo bá lórí fọ́ọ̀mù kò sì wọlé. Ẹ tọ́jú ìwé èsì yẹn nígbà tó bá jáde, ẹ fi sínú àpò káàdì ọsibítù rẹ̀, dókítà tó bá kàn á nílò rẹ̀.